Ẹran Kì í Wọ Ìkòkò Lọ́jọ́ Ẹtì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹdẹ, ẹni tó bá wọ ilé ọmọ Ìjọ Àgùdà lọ́jọ́ Ẹtì kò ní láti béèrè irú ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ẹja ni. Kì í sì í ṣe ìgbà Lẹ́ńtì nìkan, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ fún Ọ̀nà Àgbélébùú. Ọjọ́ Ẹtì lásán ni mò ń sọ, ti oṣù Keje tí òjò ò dá, ti oṣù Kọkànlá tí kò sí àjọ̀dún kankan nítòsí. Ọjọ́ Ẹtì ni Olúwa kú, nítorí náà ẹran kì í wọ ìkòkò. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó wa.

Ìkọ́kọrẹ́ ni màámi sábà máa ń sè. Wọ́n á rin ewùrà sínú abọ́, wọ́n á gbé omi ata kaná, wọ́n á da epo sí i, wọ́n á kó ẹja yíyan àti edé sí i. Tó bá ti ń hó, wọ́n á máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò ní fọwọ́ kan orógùn títí ewùrà á fi dì, kó lè ní kókó nínú. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan nínú epo pupa, ọjọ́ Ẹtì ló ń sọ sí mi lọ́kàn.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wàhálà máa ń wà. Kò sí fíríìjì nílé wa. Ẹran tó bá ṣẹ́kù nínú ọbẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí kí màámi máa gbé e kaná láàárọ̀ lálẹ́ títí di Sátidé. Wọn kì í gbà pé kí a kàn yọ ẹran kúrò kí a wá jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Lójú tiwọn, omi ẹran náà, ẹran ni. Kì í ṣe àṣejù tiwọn o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1917 ṣe là á sílẹ̀: ẹran kò gbọdọ̀ wọnú, omi ẹran kò gbọdọ̀ wọnú, láti orí ọmọ ọdún méje lọ sókè. Ẹyin àti mílíìkì kò sí nínú èèwọ̀ náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìyà wo ló wà nínú ẹja jíjẹ fún ará etí ọ̀sà. Ìbéèrè gidi ni. Ẹja ni oúnjẹ wa lọ́pọ̀ ìgbà láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Epìyà, ọ̀bọ̀kún, akàn, edé, gbogbo wọn ń ti inú ọ̀sà bọ̀ láàárọ̀, ẹran màlúù sì sábà máa ń jẹ́ ti ọjọ́ Ìsinmi àti ti ìnáwó. Ṣùgbọ́n bí ẹran ṣe ṣọ̀wọ́n yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dunni nígbà tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ìdajì ẹbí wa ló jẹ́ Mùsùlùmí, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Tí Iléyá bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, òórùn àgbò á gba gbogbo àdúgbò, àwa ọmọ Àgùdà á sì jókòó ti ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja. Àǹtí bàbá wa, Alhájà ni wọ́n, kì í gbé ẹran Iléyá wá sílé wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n á yan án, wọ́n á dì í pa mọ́, ó di àárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó rán ọmọ sí màámi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n mọ òfin wa bí àwa náà ṣe mọ ìgbà tí àwẹ̀ Ràmàdáànì bá wọlé, tí a kì í jẹun níwájú wọn.

Ohun tó sọnù nìyẹn, òun ló sì ń dùn mí ju ẹran lọ. Gbogbo ilé ló jọ ń ṣe é, àwọn tí kò sí nínú ìjọ sì ń bá wa ṣọ́ ọ.

Láàárín Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú tiwọn débi pé ó di oúnjẹ àdúgbò. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi àgbọn àti ṣúgà sè é, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹja ata jẹ ẹ́. Furéjọ̀n ni wọ́n ń pè é. Abọ́ rẹ̀ máa ń ti Pópó Àgùdà lọ sílé ẹlẹ́sìn gbogbo. Àwọn wọ̀nyí ti ń gbàdúrà pọ̀ lábẹ́ bàbá kan tí ń jẹ́ Pa Antonio kí àwọn Fadá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ló kọ́kọ́ di ìgbàgbọ́ náà mú, nínú ilé.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 1966, Póòpù Paul Kẹfà ṣe òfin tuntun lórí ìrònúpìwàdà. Ohun tó dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé Póòpù ti ní kí a máa jẹ ẹran. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ṣì jẹ́ ọjọ́ ìrònúpìwàdà, àmọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹran, bí àdúrà tàbí iṣẹ́ àánú. Ìwé òfin ti 1983 tún un sọ: gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú ọdún, àyàfi tí àjọ̀dún ńlá bá bọ́ sí i, fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14. Bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù bá ti ní kí oníkálùkù yan tirẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bí ẹnì kan kò bá yan nǹkan kan? Díẹ̀díẹ̀ la gbàgbé yíyan náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra àtigba Kọ́múníọ̀nù báyìí, ti Lẹ́ńtì nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ẹ wo ọjọ́ Ẹtì wa nísinsìnyí. Ọjọ́ ìsìnkú ni. A ṣe àìsùn ní Ọjọ́bọ̀, a gba Mísà òkú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a sin òkú tán, ó di abẹ́ kánópì. Màlúù ti wólẹ̀ láti òru. Ẹran lórí ìrẹsì, ẹran nínú ẹ̀fọ́, Fadá àti àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú pẹpẹ sì jókòó tì í. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀gbẹ́ títì láti Ìkòròdú wá di ti oní-súyà. Ẹlòmíràn á ní ẹja lòun ń jẹ, á sì jókòó ti odidi àrọ̀ nínú ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ìgò bíà méjì. Kò rú òfin. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ náà ju owó ẹran tó yẹra fún lọ, mi ò sì rò pé irú èyí ló wà lọ́kàn àwọn tó fi ọjọ́ Ẹtì lélẹ̀.

Ẹja fúnra rẹ̀ kò rọrùn rí mọ́, nítorí ọ̀sà wa kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Koríko orí omi tó gba Bàdágírì wọlé ní 1984 ń dí ọ̀nà ọkọ̀, àwọn tó ń wa yanrìn sì ti da ibi tí ẹja ń sá sí rú. Inú fíríìsà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹdẹ ti ń ra kótẹ̀ àti títù báyìí. Ìyá olọ́mọ tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ ẹja gidi fún gbogbo ilé lọ́jọ́ Ẹtì, á ṣírò owó rẹ̀ dáadáa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá fi epo àti iyọ̀ jẹ iṣu, ó ti ṣe tirẹ̀.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù England àti Wales ti rí i pé dídá yan kò dúró. Láti ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, wọ́n dá òfin náà padà fún gbogbo ọmọ ìjọ, wọ́n ní ó dára kí ohun kan náà jẹ́ ti gbogbo wa. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú ìjọ ní London wà lára àwọn tó kàn.

Ní tiwa, mi ò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún òfin tuntun. Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn ẹbí Àgùdà tó bá fẹ́ sin òkú lọ́jọ́ Ẹtì kò le. Bí ẹ bá ń bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀, ẹ ní kó se kúlà ẹja kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì ní kí adarí ètò kéde rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ.