Ìwé Pé, Ọpọlọ Ò Pé

Ọmọ Àyàn ni mí. Ní Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jọba tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, kò sí ẹni tí í fojú kéré ìlù. Èmi fojú kéré rẹ̀. Tìmì Àgbàlé tó tẹ ìlú dó, Ọlọ́fà-iná ni wọ́n ń pè é, mo sì gbà pé ti òun ni mo jọ. Mo ra ṣakabùlà. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, mo gbàwé. Ìwé mi pé. Ọpọlọ mi ni kò pé.

Baba tó kọ́ mi lọ́dẹ kò yé sọ ọ́ pé kí n fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọ̀pá tí mo fi ń ki ìbọn. Bí ìbọn bá ṣófo, ọ̀pá á wọlé títí ìlà á fi kan ẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá ti wà nínú rẹ̀, ìlà á yọ sókè. "Má fi ọkàn rántí rẹ̀, fi ojú rí i." Wọ́n tún ní kí n má ṣe máa kìbọn níbi tí èèyàn bá ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní arúgbó tó ń gbàgbé ló ń fa ìlà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rọ ẹ̀tù, mo fi àkísà dí i, mo gún un, mo da ọta sí i, mo tún dí i. Òjò dé. Mo gbé ìbọn ti ògiri. Ọ̀rẹ́ mi kan wọlé tòun ti ẹmu àti ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹmu yẹn kéré, ẹjọ́ ló gùn. Nígbà tí òjò dá, mo fa ìbọn mọ́ra, mo ń dá a lóhùn, mo sì ń rọ ẹ̀tù. Ọ̀pá ò wọlé tó bó ṣe ń wọlé.

Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Mo ní àkísà ló le.

Má rò pé òmùgọ̀ bí èmi nìkan ló ń kìbọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ogun Gettysburg ní Amẹ́ríkà, ní Oṣù Keje ọdún 1863, ìbọn tó lé ní 27,000 ni wọ́n ṣà nílẹ̀. Nǹkan bí 24,000 ni ẹ̀tù ṣì wà nínú wọn, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀nyẹn ni wọ́n sì ti kì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn yẹn wà lójú ogun o! Títí dòní, ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kún kàtíríìjì nínú ilé wọn lọ́hùn-ún nìyẹn: ẹ̀tù ìlọ́po méjì nínú ẹyọ kan. Wọ́n á bojú wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọta dé e. Èmi ò wo nǹkan kan.

Lóru ọjọ́ náà, mo wọgbó ọdẹ. Ọ̀yà kan dúró létí Odò Ọ̀ṣun. Mo yin ìbọn.

Ìbọn bẹ́.

Mi ò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Mo wo ọwọ́ òsì mi. Àtàǹpàkò ò sí níbẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka tó tẹ̀ lé e náà. Mo ta ọ̀kadà mi, mo jẹ gbèsè lé e. Ọwọ́ òsì la sì fi ń fún ọṣán dùndún kó tó lè sọ̀rọ̀. Ìlù tí mo ní kò tó mi, èmi ni ò tó o mọ́. Bàbá mi ò bú mi. Wọ́n kàn gbé dùndún fún ọmọ àbúrò mi.

Ìwọ tí ìbọn rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń sọ nínú ara rẹ pé o rántí dáadáa, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi ni.

Baba ọdẹ wá kí mi. Wọn ò mẹ́nu ba ìlà. Wọ́n ní, "Ọ̀yà yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti sá lọ, Baba."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹnì kan gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì."