Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ

Àṣà Yorùbá kì í sábà fàyè gba ọmọdé láti fi àgbà ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ó fàyè gbà á nídìí ọpọ́n ayò. Bí ènìyàn bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta á, ìkíni ibẹ̀ yàtọ̀: “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o.” Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ láyò ni ọ̀pẹ. Èsì tí wọn yóò fọ̀ ni pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ọjọ́ orí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ta á rí, ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 4 ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. A ó kó ọmọ inú ilé kan, a ó máa fi wọ́n sínú àwọn tó tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ọmọ inú ilé ẹnìkejì di 2 tàbí 3, a ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ilé tí a fi sùúrù tọ́jú títí ọmọ fi kún inú rẹ̀ bámúbámú là ń pè ní odù.

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti máa ya fọ́tò, “Ẹ káàárọ̀, sà” àti “Ó dàárọ̀, sà” nìkan ló kù láàárín èmi àti bàbá mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ Àìkú kan, àbúrò wọn gbé ọpọ́n kalẹ̀ síwájú wa. Bàbá jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì léraléra. “Ọ̀pẹ, ṣé kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ta ayò ni?” Òfin ni pé kí n panu mọ́, mo sì panu mọ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀rù ọjọ́ ọ̀la mi ló ń bà wọ́n, kì í ṣe ìbínú.

Nígbà kẹta, odù mi pé. Mo jẹ wọ́n. “Ọ̀pẹ, ta ló ní kí ẹ fọhùn?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá béèrè iye tí kámẹ́rà náà jẹ́.

Lónìí, ayò ti wà lórí fóònù. Ó ń ka ọmọ ayò fúnra rẹ̀, kì í ṣì í kà, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀ta, kò mọ ọ̀pẹ. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá parẹ́, a ó ṣì máa ta ayò, àmọ́ àyè tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún ọmọ láti bá òbí sọ òótọ́ láìrí i fín yóò ti dí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ayò, ẹ kọ́ wọn ní èébú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́.