Nígbà Tí Àgbò Kò Dé

Ní Mamini níbí, ní agbègbè Bouaké, ọmọ Yorùbá tó bá ń lọ sí ilé-ìwé yóò mú ìtàn Pokou bọ̀ wálé, bó pẹ́ bó yá. Àwọn Baoulé ló ni ilẹ̀ tí a ń gbé, ìtàn orúkọ wọn sì ni. Wọ́n ní ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Aṣáńtì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Abla Pokou, ọmọbìnrin ìdílé ọba, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n dé odò Comoé, omi kún, ọ̀tá sì wà lẹ́yìn. Aríran wọn ní ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ni odò ń bèèrè. Pokou gbé ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ó jù ú sómi. Àwọn kan ní erinmi ló tò bí afárá kí wọ́n lè kọjá; àwọn mìíràn ní igi ńlá kan ló tẹ̀ sórí omi. Nígbà tí wọ́n gòkè tán, ó ní, "Ba ou li", ìyẹn ni pé ọmọ ti kú. Inú gbólóhùn yẹn ni wọ́n ní orúkọ Baoulé ti wá.

Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Mọrèmi? Nígbà tí àwọn Ùgbò ń fi aṣọ koríko dẹ́rù ba Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, Mọrèmi jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun náà lẹ́rú, ó wádìí àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé wá sọ ọ́. Iná ìtùfù ni Ifẹ̀ fi ṣẹ́gun. Nígbà tó fẹ́ san ẹ̀jẹ́, odò kọ àgùntàn, ó kọ ewúrẹ́, ó kọ màlúù. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbà.

Nínú ìdílé wa, àwọn kan ń kírun, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìtàn kẹta sì wà tí gbogbo wa jọ mọ̀: ti Ibrahim, ẹni tí Bíbélì pè ní Ábúráhámù. Lọ́dọọdún ni Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tabaski níbí, ń rán wa létí pé àgbò dé kí ọ̀bẹ tó kan ọmọ. Ní Comoé àti ní Ẹsìnmìrìn, àgbò kò dé. Kí ni onígbàgbọ́ ń ṣe nígbà tí àgbò kò bá dé?

Kì í ṣe ìbéèrè inú ìwé lásán fún wa. A sin ọmọ ọdún márùn-ún kan sí ilẹ̀ yìí, lẹ́yìn ibà ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará wa tó ti Èjìgbò wá ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Baoulé jókòó tì wá, wọ́n ní, "Yako." A mọ oore tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò tú ká, ilé dákẹ́. A kó bàtà ọmọ náà pamọ́. Ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn àgbà wa kì í fẹ́ kí òbí máa sọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀ ń bèèrè ibi tó lọ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá, òun náà dákẹ́.

Ìwé kan ló ṣí wa lẹ́nu. Véronique Tadjo, òǹkọ̀wé ọmọ Côte d'Ivoire, ló kọ ọ́ ní èdè Faransé. Reine Pokou ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde ní 2005, nígbà tí Bouaké ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó gba ìlú náà ní 2002, ó sì gba ẹ̀bùn Grand Prix littéraire d'Afrique noire lọ́dún kan náà. Ọmọ wa àgbà ló ń kà á lálaalẹ́, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Tadjo kọ́kọ́ sọ ìtàn náà bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló wá ń tún un sọ lóríṣiríṣi ọ̀nà. Bí ìyá náà bá bẹ́ sómi tẹ̀lé ọmọ rẹ̀, tó di ẹ̀dá inú omi ńkọ́? Bí ó bá kọ̀ láti fi ọmọ sílẹ̀, tí wọ́n mú wọn, tí wọ́n kó wọn lẹ́rú gba orí òkun lọ ńkọ́? Ìpín ìkẹyìn ló pè ní ìgbà ọmọ-ẹyẹ. Irú ìyanu bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó gbọ́ àlọ́ dàgbà. Ohun tó jẹ́ tuntun létí wa ni pé ẹnì kan dúró láti bèèrè ohun tó wà nínú ìyá náà, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti kọjá odò tán.

Ní alẹ́ tí a kà dé ibi tí Pokou ti wọ inú omi lọ, ìyá ọmọ wa pe orúkọ ọmọ náà. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀, òun ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ní òun náà ń gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ dìde, ó lọ gbé bàtà náà jáde. Àṣé ó mọ ibi tó wà látọjọ́ yìí.

Bí a bá wò ó dáadáa, àṣà wa kò ní kí á gbàgbé. Orúkọ ni àwọn baba wa fi ń pa irú ìrántí bẹ́ẹ̀ mọ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Rẹ̀mílẹ́kún. Ẹni tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ìgbàkígbà tí a bá pè é, a ń sọ pé ẹnì kan ti sunkún rí nínú ilé yẹn. Odindi ẹ̀yà Baoulé ló ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní ti Mọrèmi, Àlúfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé gbogbo Ifẹ̀ ní àwọn yóò jẹ́ ọmọ fún un títí ayé. Ó tún kọ ọ́ pé Olúorogbo kò kú tán; ó dìde, ó fi koríko ṣe okùn, ó gùn ún lọ sọ́run, Ifẹ̀ sì ń retí ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọn kò sọ fún Mọrèmi pé kó má rántí ọmọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n jókòó tì í ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń sọ ìtàn Mọrèmi tàbí ti Pokou fún àwọn ọmọ, ẹ má parí rẹ̀ síbi tí ìlú ti yọ nínú ewu. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló wà lọ́dọ̀ ìyá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Bí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀ nínú ilé, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ tó kù, pé ẹ̀gbọ́n wọn kú, kì í ṣe pé ó lọ sí ìrìn-àjò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ẹkún kò sọ onígbàgbọ́ di aláìgbàgbọ́.

Àdúrà wa ni pé kí àgbò dé fún gbogbo ilé. Ilé tí kò bá sì dé fún, kí Ọlọ́run rán ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n sí wọn.