Orúkọ Tí Ó Wà Nínú Agolo

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí o ń ka ìwé yìí, bí àlejò kan bá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, tí ó sì bi ọ́ léèrè pé kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní àdúgbò yín, kí ni ìwọ yóò wí? Má ṣe yára dáhùn. Èmi yára dáhùn nígbà kan, irọ́ ni mo sì pa.

Bódìjà ni mo ń gbé, ní àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà nì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní ìgbà ìsinmi kan, ọmọ àbúrò mi, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì mọ ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní eré kan tí àwọn ń ṣe lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní geocaching. Ẹnì kan yóò fi àpótí kékeré pamọ́ sí ibi kan, pẹ̀lú ìwé pélébé nínú rẹ̀. Yóò sì kéde àwọn iye tí ó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹlòmíràn yóò fi fóònù rẹ̀ wá ibẹ̀ kàn, nítorí àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká ni wọ́n ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí òun wà. Ẹni tí ó bá rí àpótí náà yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìwé, yóò sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Eré náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdènà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ àwọn ará ìlú mọ ibi gan-an kúrò. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Dave Ulmer gbé garawa kan pamọ́ sínú igbó nítòsí ìlú Portland.

“Bàbá Bódìjà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é ní Ìbàdàn.”

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi àpótí pamọ́ sábẹ́ afárá ní Dùgbẹ̀, kí ó yáa múra láti ṣe àlàyé fún èrò ọjà àti ọlọ́pàá kí ilẹ̀ tó ṣú! Nítorí náà ni a ṣe fi àlọ́ kún un: a ó fi agolo kékeré sọ́dọ̀ ẹni tí ń tajà nítòsí, ọmọ tí ó bá sì mọ ìdáhùn àlọ́ ibẹ̀ ni ẹni náà yóò gbé agolo fún.

A kọ́kọ́ lọ sí pápá ìṣeré tí ó wà ní Ring Road, èyí tí wọ́n ṣí ní 1960 ní orúkọ Liberty, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 2010. Bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn ọmọ ilé mi mọ̀ mọ́ ọn. Wọn kò mọ̀ pé níbẹ̀ ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, tí Fullmer kò sì lè jáde wá jà mọ́ lẹ́yìn abala keje. Èyí ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò olúborí àgbáyé tí a kọ́kọ́ jà ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà a kọjá sí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí a fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ kọ́, tí a parí ní 1965, tí iná sì jó ní 1985.

Láti ibẹ̀ ni ọmọ náà ti rí odò Ògùnpa lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kí ni ó ṣẹlẹ̀ níbí?”

Mo ní, “Kò sí nǹkan kan.”

Ó wojú mi. “Kí ló dé tí ẹ kì í fẹ́ gba orí afárá yẹn?”

Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí mo fi pamọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa sì kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ti kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n ti da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, omi kò sì rí ibi gbà mọ́. Ó gbé ọkọ̀, ó wó ilé, ó sì pa ju igba ènìyàn lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ilé wọn wà létí odò, ti yá mi ní ìwé ìtàn kan. Ní ọjọ́ Sátidé ó wá gbà á. Mo ti kà á tán, ṣùgbọ́n ìwé náà wù mí. Mo ní n kò tíì parí rẹ̀, kí ó padà wá ní ọjọ́ Ajé. Kò bá mi jiyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi títí di òní. Pẹ́ńsù ni ó fi kọ orúkọ rẹ̀ sí inú èèpo rẹ̀. Ọkọ̀ọ̀kan mo ń rò ó pé irọ́ mi kọ́ ni ó pa á. Mo mọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ọmọ yìí fi bi mí lórí ìdúró.

Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Bàbá, ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan?”

Mo ní kò sí ibi tí mo mọ̀, àfi inú ìwé ọ̀hún.

Ní ọjọ́ kejì a padà síbẹ̀ pẹ̀lú agolo kẹta. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà fún odò náà báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti ike ṣì ń léfòó lójú omi, bí ẹni pé a kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1980, tí a kò sì rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, nígbà tí omíyalé tún pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ní ìlú yìí. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ kọ sínú ìwé agolo náà, pẹ̀lú ọjọ́ ìkún omi. Mo gbé e fún ìyá àgbà kan tí ń ta búrẹ́dì nítòsí afárá, mo sì ṣe àlàyé eré wa fún wọn. Wọ́n ní kí ọmọ náà ka ohun tí mo kọ sókè. Bí wọ́n ti gbọ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi ọ̀bẹ búrẹ́dì lélẹ̀, wọ́n sì fa àpótí ìjókòó fún wa. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó dìde níbẹ̀. Kí a tó máa lọ, wọ́n ní kí ọmọ náà bá àwọn kọ orúkọ méjì sí abẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi.