Ọmọ wẹ́dà gbà wá
Ààrò gáàsì àtijọ́ tí àwọn màmá fi ń sun ẹja ní ìjọ wa l'Áyégbajú, ìpẹtà ti jẹ nẹ́ẹ̀tì irin rẹ̀ tán. A fi wáyà tú ihò iná, a fi omi ọṣẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò, kò jò. Ó ku nẹ́ẹ̀tì tuntun.

Àwa la ní kí wọ́n gé nẹ́ẹ̀tì síǹkì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ. Ó ń dán, kò wọ́n. Ọmọ wẹ́dà ló kọ̀: "Dádì, ẹ má bínú. Bí iná bá mú síǹkì yẹn gan-an, èéfín rẹ̀ á wọ oúnjẹ, á wọ àwọn màmá lọ́fun."

Ojú tì wá díẹ̀. A fowó kún owó, a ra stainless.

Ẹ̀yin aṣáájú, bí ọmọ bá ní "ẹ má ṣe é", ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdí.