Kóńgò ò mọ kílò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka thread yìí. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra kóńgò ìrẹsì kan àti kóńgò gàrí kan lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà Agbójú. Mo délé ní Festac, mo gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń ṣe kéèkì. Ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò kan àbọ̀. Gàrí ńkọ́? Kílò kan àti díẹ̀ péré! Inú bí mi. Mo ṣe fídíò: "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń rẹ́ wa jẹ." Ìsọ̀ ìyá náà hàn gbangba nínú ẹ̀. Ẹ̀yin náà bá mi bú wọn.

Mo padà lọ ní Sátidé. Oníbàárà kan ti fi fídíò náà hàn wọ́n. Ìyá ò pariwo. Wọ́n dojú kóńgò dé kí n wo ìdí ẹ̀: ó tẹ́jú, kò sí ibi tí òòlù ti lù ú wọnú. Wọ́n fi bu gàrí, wọ́n dà á sí ọ̀rá, wọ́n tún fi òun náà bu ìrẹsì.

"Ọmọ mi, ṣé kóńgò méjì nìyẹn? Kóńgò ò mọ kílò o. Àyè inú ẹ̀ ló mọ̀."

Ojú tì mí. Èmi graduate! Gàrí fúyẹ́, afẹ́fẹ́ pọ̀ láàárín ẹ̀. Ìrẹsì ló wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni dẹ́ríkà, tó gba orúkọ lára agolo tòmátò De Rica, bẹ́ẹ̀ ni múdù, bẹ́ẹ̀ ni ike páǹtì. Wọn ò tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n àyè ni gbogbo wọn ń wọ̀n.

Mi ò ní kò sóníjìbìtì lọ́jà o. Àwọn kan ń lu ìdí kóńgò wọnú lóòótọ́. Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ wo bó ṣe ga lórí, ẹ béèrè ènì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi iye owó wéra, gàrí sí gàrí ni, kóńgò kan náà.

Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá. Wọ́n ní kò burú, wọ́n bu gàrí fún mi, wọ́n tún fi ènì sí i. Mo sunkún délé.

Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́, àmọ́ ẹ ti pín in kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín èyí náà.