Owó Ìfẹ̀yìntì àti Káàdì Àjọ

Ní Àjégúnlẹ̀, bí obìnrin bá ní wọ́ọ̀fù ni ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí í béèrè pé wọ́ọ̀fù wo. Èbúté Àpápá náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé owó oṣù èbúté nìkan kọ́ ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Owó ìsọ̀ ìyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Aládùúgbò mi kan ń ta ìrẹsì sísè ní Boundary. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́, ó sì kù díẹ̀ kí ọkọ náà fẹ̀yìntì. Ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ṣé kò sí tèmi nínú owó tí wọn yóò san fún bàbá àwọn ọmọ mi ni?" Àwọn ará àdúgbò gbà pé kò sí ohun tí olùkọ́ kò mọ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ kàwé ná.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, èyí tí ó rọ́pò ti ọdún 2004, ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí owó oṣù tí wọ́n fi ń ṣírò bá jẹ́ ₦100,000, ó kéré tán, ₦8,000 yóò ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wá, ₦10,000 yóò sì ti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ wá, sínú àpò ìfowópamọ́ tí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo wà lára rẹ̀. Òfin náà sọ ti ìfẹ̀yìntì, ó sọ ti ikú, kò sọ bí tọkọtaya tí ó kọra sílẹ̀ yóò ṣe pín in. "Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni ó kọ sí fọ́ọ̀mù," ni obìnrin náà wí. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù kò fún un ní kọ́bọ̀ nígbà tí ọkọ bá wà láàyè. Bí ọkọ bá sì kú, ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ogún ni wọn yóò béèrè.

Àwọn tí ó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rò pé bí ti ibẹ̀ ṣe rí ni tibí náà rí. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lè gé lára owó ìfẹ̀yìntì ẹnìkan nígbà ìkọ̀sílẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ di ti ẹnìkejì pátápátá. Ní tiwa, òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ọdún 1970 ni a ní. Abala 72 rẹ̀ fún Ilé-ẹjọ́ Gíga láṣẹ láti ya dúkìá sọ́tọ̀ fún àǹfààní ọkọ, aya àti ọmọ. Kò dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò lè gbà wọlé. Ìgbéyàwó abẹ́ òfin nìkan ni ó wà fún. Ẹni tí ó ṣe ti ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni yóò gbà lọ.

Ẹ̀rí ni ìṣòro. Ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gba ti ìyàwó tí ó ní òun dá sí kíkọ́ ilé, nítorí kò ṣàlàyé iye tí òun dá àti bí òun ṣe dá a. Ta ni ó wá ń gba rìsíìtì ata? Nígbà tí mo sọ èyí fún aládùúgbò mi, kò fèsì. Ní ọjọ́ kejì ni ó kó káàdì àjọ rẹ̀ dé, ti ọdún púpọ̀, ó fi rọ́bà dè wọ́n pọ̀ mọ́ rìsíìtì owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Mo júwe ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní OPD, fún un.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú yàrá olùkọ́ kò fara mọ́ ọn. Ó ní nílẹ̀ Yorùbá, owó ọjà obìnrin, tirẹ̀ ni, ọkọ kì í bá a dá sí i. Kí ló wá kan obìnrin nínú owó ìfẹ̀yìntì ọkọ? Òótọ́ ni ó sọ nípa àṣà. Ṣùgbọ́n kí owó oṣù tó dé ilé ni wọ́n ti yọ ₦8,000 yẹn, owó ìrẹsì Boundary ni ó sì dí àlàfo rẹ̀. Ọbẹ̀ tí obìnrin náà fi owó tirẹ̀ sè ti tán nínú ìkòkò tipẹ́. Èyí tí wọ́n yọ lára owó ọkọ ṣì wà níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ó ń lé èrè.

Nínú ẹ̀kọ́ àṣà ìgbéyàwó, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìfojúsóde, ìtọrọ àti ìdána, a ó sì dúró níbi ẹkún ìyàwó. Ní sáà tí ó ń bọ̀, àwọn ọmọ SS2 mi yóò kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí aya tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ní ìpín nínú owó ìfẹ̀yìntì ọkọ. Kí wọ́n tó mú bírò, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ iye tí ó ná sínú ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn.